Olóògbé Tó Ń Pariwo

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé ojú irin yìí," ni Òṣùwọ̀n wí.

Ohùn omidan tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn tó ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn kó tó dá a lẹ́jọ́ ikú. Ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ lẹ́nu géètì Ilé Ìwòsàn Ọ̀rẹ́-Aláìní fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ ikùn mú, ó na ìkejì sí ojú irin dídán náà. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Àlejò ni, abúlé ló ti wá. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé àwọn ará Orí-Àpáta kì í dá ẹ̀rọ yẹn lóhùn.

"Ẹ ṣeun, sà. Jímọ̀ Arówólò. Iṣẹ́: kò sí mọ́. Ìwúlò fún ìlú: ó kéré. Ẹ kò yẹ fún ìtọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ sí Ilé Ìsinmi. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín."

Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ọkùnrin náà, tó jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tó kúrò nílé, ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò. Jímọ̀ wò ó títí. Ó fi etí aṣọ nù ún, bí ẹni pé èérí ni.

Dókítà Abíọ́nà Ògúnṣakin ti ń sáré bọ̀ láti inú ọgbà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ti bọ́ sẹ́yìn. "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Òun ló kí mi, ọmọ mi," ni Jímọ̀ wí. "Ó kí mi dáadáa. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ni."

Abíọ́nà wo ẹ̀rọ náà bí ẹni wo ìgbẹ́ ajá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó gbá ọkùnrin náà léjìká mú, wọ́n fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó ń ṣọ́ Òṣùwọ̀n ti na ọ̀pá dí ọ̀nà.

"Dókítà, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó sọ. Kò yẹ."

"Òfin yín ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn yìí, àfi bí ìbò ọ̀sán yìí bá gbè yín. Títí dìgbà náà, irin ẹlẹ́nu dídùn lásán ni ohun tẹ́ ẹ gbé síwájú ilé mi. Gbé ọ̀pá ẹ kúrò."

"Wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ ẹni tó bá..."

"Kọ ọ́. Ògúnṣakin. Má gbàgbé àmì orí rẹ̀ o, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíì pè mí."

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó gbé ọ̀pá kúrò.

Ibùsùn tó ń dá rìn jáde wá pàdé wọn, ó ń tiro bí ewúrẹ́ tí ọkọ̀ gbá, nítorí oòrùn inú rẹ̀ ti ń tán lọ. Nọ́ọ̀sì Kúbúrátù ló tẹ̀ lé e. Ó ti bá Abíọ́nà ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé kì í fi ọ̀rọ̀ yípo fún un mọ́.

"Wọ́n tún ti gé oòrùn wa kù, Dókítà. Yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni mo lè tan iná sí. Mo ti pa fìríìjì oògùn. Mo ti pa fáànù àwọn ọmọ tuntun."

"Ta ló gé e? Ṣebí ọ̀sán la ó dìbò."

"Wọ́n ní ìdánrawò ni. Wọ́n ní kí á fi mọ bí ayé wa yóò ti rí bí a bá pàdánù."

Abíọ́nà pòṣé. Láti ìgbà tí òkun ti gbé àwọn ìlú ìsàlẹ̀ mì, tí gbogbo ayé sá gun orí àpáta, oòrùn ló ń gbé ohun gbogbo rìn: ọkọ̀, àdògán, ẹ̀rọ tó ń mí fún aláìsàn. Ìjọba ló ni àwọn díńgí ńlá tó bo orí òkè, ìjọba ló sì ń bu oòrùn fún olúkúlùkù bí ìyálé burúkú ṣe ń bu ọbẹ̀ fún ọmọ orogún. Ọ̀rẹ́-Aláìní kò gba ohun mìíràn lọ́wọ́ wọn ju ìwọ̀nba oòrùn yẹn lọ. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mọ́ṣáláṣí àti àwọn ènìyàn rere ló ń gbọ́ bùkátà yòókù. Ìwọ̀nba oòrùn yẹn náà ni Mínísítà Ètò Ìlera, Ọlọ́lá Gbóyèga Kúmápàyí, fẹ́ gbà padà, àfi bí ilé ìwòsàn náà bá jẹ́ kí Òṣùwọ̀n máa ṣa ẹni tí yóò yè kúrò lára ẹni tí yóò kú lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n gbé Jímọ̀ wọlé, wọ́n là á. Ìfun kékeré kan ló wú, ó kù díẹ̀ kó bẹ́ sí i nínú. Nígbà tí Abíọ́nà rán ojú abẹ náà tán, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tí ìwúlò rẹ̀ kéré nìyí," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pupa bíi ti mínísítà."

Ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo bẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin.

"Ta ló po ẹ̀kọ yìí? Ẹ̀kọ ni àbí omi ìfọwọ́?"

"Màmá Ọdúntan ti jí," ni Kúbúrátù wí.

Màmá Ọdúntan kì í sọ̀rọ̀, igbe ló máa ń ké. Òun ló ni iléeṣẹ́ ìlàgi tó tóbi jù ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Igi nígbà ayé rẹ̀, ariwo ayùn sì ti jẹ etí rẹ̀ tán. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Ọ̀rẹ́-Aláìní, aṣọ funfun Ilé Ìsinmi lọ́rùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ṣú nítorí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í jáde ní Ilé Ìsinmi. Oògùn kò sí níbẹ̀, dókítà kò sí, àga àti orin jẹ́jẹ́ nìkan ló wà. Ọjọ́ tí ènìyàn bá wọlé ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sí òkú, kí iṣẹ́ má baà pọ̀ fún àwọn akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìyá yìí fi àga fọ́ fèrèsé, ó bá tirẹ̀ lọ. Abíọ́nà fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i lọ́kàn, ọkàn náà sì jí padà bí ọlẹ tó gbọ́ ohùn ọ̀gá.

Ìgbà tí ara rẹ̀ yá ló fa Abíọ́nà mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ ní ohùn tí òun rò pé ó jẹ́ jẹ́jẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn yòókù ti lọ yá oòrùn lọ́jọ́ náà. Kúbúrátù nìkan ló wà nítòsí.

"Dókítà, orúkọ tí mo fún yín kì í ṣe orúkọ mi. Tinúọlá Kúmápàyí ni mò ń jẹ́. Mínísítà tó ń bá yín fa wàhálà yẹn, èmi ni mo bí i."

"Ẹ̀rù ń bà yín pé yóò dá yín padà síbẹ̀, mà?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ojú ló ń tì mí! Mi ò fẹ́ kí àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ̀ pé inú tèmi ni nǹkan yẹn ti jáde. Ẹ búra fún mi pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Abíọ́nà búra. Kúbúrátù náà búra, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti ń jó o lẹ́nu.

Ó tẹ̀ lé Abíọ́nà dé yàrá ìmúra báyìí, ó ti ilẹ̀kùn. "Gbólóhùn kan péré ni, Dókítà. Ẹ kàn ní, 'Ọ̀gá Mínísítà, ìyá yín wà lọ́dọ̀ mi.' Ìjà parí."

"Ohun tí aláìsàn bá sọ fún mi lórí ibùsùn, bí mo bá tà á lónìí torí ohun rere, ta ni yóò tún tú inú rẹ̀ fún wa lọ́la? Mo ti búra, Kúbúrátù."

"Àwọn ọmọ tuntun tó ń làágùn níbẹ̀ yẹn ò búra fún ẹnikẹ́ni."

Abíọ́nà so ìborùn rẹ̀ mọ́ èjìká, ó jáde.

Gbàgede ti kún nígbà tó débẹ̀. Àpótí díńgí méjì ló wà lórí pèpéle, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún Kúmápàyí. Lẹ́yìn wọn ni ògiri gíga tó gba gbogbo ojú ọ̀run, ìdajì rẹ̀ búlúù ti ìjọba, ìdajì rẹ̀ funfun ti ilé ìwòsàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá wọ̀ lára yóò tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, àwọ̀ ẹni náà yóò sì fẹ̀ sí i. Àwọn tí ẹ̀gbà wọn dúdú dúró sẹ́yìn lẹ́bàá gọ́tà. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ ohunkóhun. Òfin ní òkú kì í dìbò. Eṣinṣin ìjọba, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fò tó sì ń ya àwòrán, ń kùn lókè orí gbogbo wọn.

Kúmápàyí ti wà nínú àpótí tirẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán bí ara ẹni tí kò tíì gbọ́ ìròyìn ebi rí. Ẹ̀rín ojú rẹ̀, ó dájú pé olùkọ́ kan ló kọ́ ọ, nítorí kì í dé ojú, eyín nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí atọ́kùn ètò ní kó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gbá gbogbo ìlú mọ́ra láì jẹ́ kí ìdọ̀tí wọn kan aṣọ òun.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n, oòrùn kò tó. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òtítọ́. Ṣé kí á mú oòrùn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, kí á fi dá ẹ̀mí ẹni tí kò lè ta pútú mọ́ sí? Òṣùwọ̀n kì í ṣàṣìṣe. Òṣùwọ̀n kì í gba rìbá. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Ṣùgbọ́n àwọn kan rò pé àwọn gbọ́n jù ú lọ. Ẹ wò wọ́n!"

Ó na ìka. Àárín ògiri náà là, géètì Ọ̀rẹ́-Aláìní sì hàn gbangba sí gbogbo ìlú, pẹ̀lú Òṣùwọ̀n àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, àti àwọn aláìsàn tó ń tẹ̀ wọ ihò ara ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mínísítà ti ní kí wọ́n máa fi ibẹ̀ hàn títí ìjíròrò yóò fi parí, kí ojú lè ti ilé ìwòsàn náà.

"Dókítà Ògúnṣakin, ẹ fèsì," ni atọ́kùn wí.

"Mo gbọ́ pé oòrùn kò tó," ni Abíọ́nà wí. "Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́ òkè kọjá ló mọ̀ pé Ọ̀gá Mínísítà ní adágún omi lọ́gbà, tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ tọ̀sán tòru, tí àwọn ajá wọn fi ń wẹ̀. Mi ò bínú sí ajá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Òṣùwọ̀n ti wọn àwọn náà, àti iye tí ìwúlò wọn jẹ́."

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Funfun fẹ̀ lára ògiri. Àwọn tó wà lẹ́bàá gọ́tà ń pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàtẹ́wọ́ wọn kò ká nǹkan kan kún.

Kúmápàyí dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ó fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ.

"Mi ò fẹ́ sọ èyí," ó wí, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò sí ohun tó fẹ́ sọ ju èyí lọ. "Nígbà tí Òṣùwọ̀n wọn ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó ní kò yẹ, ṣé mo lo ipò mi? Rárá o. Mo tọwọ́ bọ̀wé bí ọmọ gbogbo ènìyàn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ó ní, 'Gbóyèga, òfin ni òfin.' Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí Ilé Ìsinmi, ó sì sùn níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Bí ìyá tèmi bá lè lọ, ta ni tirẹ̀ ò lè lọ?"

Ó nu ojú. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Búlúù ya lu funfun bí omi òkun ṣe ya lu ìlú ìsàlẹ̀ láyé ọjọ́un, funfun sì sá lọ sí igun ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Abíọ́nà. Ó jókòó sórí ahọ́n rẹ̀ bí ata tí a kò tíì gbé mì. Ìyá yín wà lọ́dọ̀ mi. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ là. Àwọn ọmọ tuntun inú òógùn wá sí i lọ́kàn, Jímọ̀ tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì gbẹ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó ti pàdánù ilé, ọmọ, àti orúkọ pàápàá. Àṣírí kan ṣoṣo yìí ló kù tó jẹ́ tirẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó ń fi áńkáṣíìfù gbígbẹ nu ojú gbígbẹ. Irú èyí kọ́ ló yẹ kí òun tìtorí rẹ̀ da ìbúra. Kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọ̀gá Mínísítà. Níbo lẹ sin màmá sí?"

Kúmápàyí dẹ́kun ojú nínù. "Kí ló kan ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀?"

"Ìbéèrè náà ò le, sà. Ọmọ tó bá sin ìyá rẹ̀ mọ ibi tó sin ín sí."

Kúmápàyí ń ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó sì ká a pẹ́ jù fún ìbéèrè tí ọmọ kékeré lè dáhùn.

"Ìsàlẹ̀-Igi ni," ni Kúmápàyí wí níkẹyìn. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi da yẹ̀pẹ̀ lé e."

"Ṣùgbọ́n òfin tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ní òkú Ilé Ìsinmi kì í padà sílé. Ìjọba ló ń sun ún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbí yìí ló ti sunkún lórí òfin yẹn. Ṣé òfin lẹ rú nítorí pé ìyá yín ni, àbí irọ́ lẹ ń pa mọ́ òkú?"

"Wọn ò fún mi ní òkú ìyàwó mi!" ni ọkùnrin kan ké láàárín èrò. "Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò fún mi!"

Kúmápàyí gbá ojú díńgí. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ń ṣe! Ó ń ti ìka bọ ojú egbò ọmọ òrukàn! Ìyá mi wà nínú sàréè, kò jẹ́ kó sinmi!"

Ohun ìyanu ni pé ó ràn wọ́n. Ìyá tó kú kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn ẹkún ju ìbéèrè lọ. Búlúù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Atọ́kùn ti ń sọ pé àsìkò ń lọ, kí àwọn tí kò tíì dìbò tètè ṣe é.

Ìgbà náà ni ohun kan mì lójú ògiri.

Ìyá arúgbó kan ni, ó ti inú ọgbà Ọ̀rẹ́-Aláìní jáde pẹ̀lú aṣọ wọ́ọ̀dù lọ́rùn, ṣíbí ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kúbúrátù ń fà á láṣọ, kò dúró. Ẹ̀ṣọ́ na ọ̀pá, ìyá náà fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́. Abíọ́nà di etí àpótí mú. Rédíò wọ́ọ̀dù, tó ní oòrùn tirẹ̀ nínú! Ìyá tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, òun ló máa ń yí i sókè jù. Gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ló ti gbọ́.

"Ẹ káàsán o, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé ojú irin yìí," ni Òṣùwọ̀n wí, gbogbo Gbàgede sì gbọ́ ọ.

Ìyá náà gbá ojú irin ní ìgbájú.

"Ẹ ṣeun, mà. Tinúọlá Kúmápàyí. Olóògbé. Ìwúlò fún ìlú: kò sí. Ẹ kò yẹ fún ìtọ́jú. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere."

"Èmi ni olóògbé!" Ohùn rẹ̀ mi ògiri náà jìgìjìgì. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ayé! Olóògbé rèé, ẹ̀kọ ló ń jẹ lọ́wọ́! Àjàní! Gbóyèga Àjàní, ìwọ ni mò ń bá wí! Yẹ̀pẹ̀ wo lo dà lé mi lórí? Ọwọ́ rẹ tó ń sá fún ẹ̀rún pákó, tí kò gbé igi kan fún mi rí, ọwọ́ yẹn lo fi sin mí? O tọwọ́ bọ̀wé nínú ọkọ̀! O ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀! Ìgbà wo ni mo gbá ọ lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́? Ṣé èmi máa ń gbá ènìyàn jẹ́jẹ́ ni?"

Kúmápàyí wo ògiri, ó wo èrò, ó tún wo ògiri. Àyè ṣí sílẹ̀ fún un láti ṣe ọmọ. Kò gbà á.

"Èyí kì í ṣe ìyá mi," ó wí. "Ẹ̀tàn ni. Àwọn dókítà ló gbé e kalẹ̀."

Abíọ́nà kò gbé ohùn sókè. Àṣírí náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ín ló tú u. "Ọ̀gá Mínísítà, ẹ̀yin lẹ ní Òṣùwọ̀n kì í ṣàṣìṣe. Òun náà ló pe orúkọ wọn. Bí kò bá ṣàṣìṣe, òkú ló ń bá yín wí yẹn. Bó bá sì ṣàṣìṣe, mélòó ló ti ṣì pa?"

Ọkùnrin tí wọn kò fún ní òkú ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ ẹ̀gbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú, irú èyí tí wọ́n ń rín sí olè tó jìn sínú kànga. Ó ràn. Ìbínú ì bá sàn fún Kúmápàyí, nítorí olóṣèlú mọ bí a ti ń fi ìbínú ṣòwò. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ń fi ẹ̀rín ẹ̀gàn ṣe. Funfun gba ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó fi ojú búlúù kékeré kan sílẹ̀ ní igun, bí èébú.

Ẹni tó bá rò pé ó parí síbẹ̀ kò tíì gbé lábẹ́ ìjọba rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìròyìn ti gba ìlú pé Ọlọ́lá Kúmápàyí ti rí ìyá rẹ̀ ọ̀wọ́n tí àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìsinmi fi pamọ́ fún un. Wọ́n ti lé àwọn òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́. Kí oòrùn tó gun òkè, òun fúnra rẹ̀ ti dé géètì Ọ̀rẹ́-Aláìní pẹ̀lú agbo eṣinṣin lókè orí. Àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan wà tí wọn ò lè rí ọwọ́ ọlọ́lá kí tiwọn má pàdé.

Abíọ́nà jáde sí i. Mínísítà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín àná ti padà sẹ́nu rẹ̀ bí eyín àtọwọ́dá.

"Dókítà mi, ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ yí ara wa. Ìbò àná fún yín ní ìpín tẹ́ ẹ ti ń gbà tẹ́lẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ìyá mi ṣáà yọjú sí mi, kí eṣinṣin rí wa pọ̀. Ìṣẹ́jú kan."

"Ẹ dúró dè mí," ni Abíọ́nà wí.

Ó bá ìyá náà níbi tó ti ń gbá ojú ibùsùn rẹ̀. Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un bó ti rí, kò fi oyin sí i. "Mi ò bẹ̀ yín láti gbà, mà. Mo ní kí n má fi pamọ́ fún yín ni."

Ìyá Kúmápàyí rò ó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń la igi.

"Mo fún un lọ́mú o, Dókítà. Mo gbé e pọ̀n, mo fi ń ti ayùn. Ẹ̀rún igi máa ń kún irun orí rẹ̀, mà á jókòó lálẹ́, mà á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì tún le padà. "Gba oòrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Ọlọ́run ni, kì í ṣe òun ló dá a. Ìwọ gba oòrùn, èmi ò gba ọmọ."

"Ṣùgbọ́n ó ní kẹ́ ẹ yọjú."

"Mà á yọjú. Ta ló sọ pé yíyọjú ni ìdáríjì?"

Abíọ́nà padà sí géètì. Ó sọ̀rọ̀ sókè, kí gbogbo eṣinṣin lè gbọ́.

"Màmá ti gbà láti yọjú sí yín ní fèrèsé. Ọ̀gá Mínísítà sì ti ṣèlérí ìlọ́po méjì oòrùn fún ilé yìí títí láé. Ẹ tan án ná, sà, kí wọ́n lè rí ojú yín dáadáa."

Kúmápàyí wò ó. Bí ojú bá ń pa ènìyàn, Abíọ́nà ì bá ti wà ní Ìsàlẹ̀-Igi. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ń wo òun náà. Ó gbé ẹ̀gbà wúrà rẹ̀ sẹ́nu, ó sọ àṣẹ náà ketekete, títí kan "títí láé" ibẹ̀. Láti orí òkè, àwọn díńgí ńlá yí ojú sí Ọ̀rẹ́-Aláìní. Iná là ní gbogbo fèrèsé. Ariwo ayọ̀ ta nínú ilé.

Fèrèsé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ṣí. Ìyá Kúmápàyí gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó sì wo ìsàlẹ̀.

Mínísítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó dáa lójú. Àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. Eṣinṣin sọ̀ kalẹ̀ yí i ká. "Ìyá mi," ó ké, "ọmọ yín rèé o!"

Gbogbo ènìyàn gbé ojú sókè, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ tí àgbà máa ń sọ fún ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ìyá náà wò ó pẹ́, ó wò ó bí oníṣòwò igi ṣe ń wo gẹdú tí ikán ti jẹ nínú. Kò sọ ohunkóhun. Ó fa fèrèsé, ó tì í, gbogbo èrò sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe dún.

Kúmápàyí kò lè dìde. Kò sí ẹni tó ní kó dìde, gbogbo ìlú sì ń wò ó. Oòrùn tí òun fúnra rẹ̀ pín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lẹ́yìn. Ó gbé ojú díẹ̀ sókè, ó wá ojú Abíọ́nà, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ gbólóhùn kan, gbólóhùn kan péré.

Obìnrin kan tó lóyún ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó di ìbàdí mú, ó ń mí gùlegùle. Abíọ́nà gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin tó wà nílẹ̀ kọjá, ó di obìnrin náà lápá mú.

"Ẹ rọra o," ó wí fún un. "Ẹ ṣọ́ra, ẹ má tẹ nǹkan tó wà nílẹ̀ yẹn."